Àtàǹpàkò Inú Gíláàsì

"Ẹ bá mi wo ẹsẹ̀ mi, kí ẹ tún wá wo bàtà yìí. Ṣé bàtà lẹ rán fún mi ni, àbí ọkọ̀ ojú omi?"

Olórí àwọn nọ́ọ̀sì gbé bàtà funfun náà kalẹ̀ lórí tábìlì, láàárín agolo gọ́ọ̀mù àti òkìtì awọ gígé. Aránbàtà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ó mú bàtà náà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ọwọ́ òun ló rán an, kò sí àní-àní. Ojú okùn rẹ̀ tò bí eyín àgbàdo.

"Ẹ tì í bọ ẹsẹ̀ kí n rí i."

Obìnrin náà tì í bọ ẹsẹ̀, ó gbé ìṣísẹ̀ kan. Ẹsẹ̀ lọ, bàtà jókòó.

"Ẹ rí i? Èmi ń lọ, òun ń dágbére fún mi. Èyí tí ẹ kọ́kọ́ ṣe ńkọ́? Ìyẹn fún pinpin débi pé ọmọ ìka mi ń bẹ̀bẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ni o, Bàbá!"

"Nọ́ńbà kan náà ni," ni Aránbàtà wí.

Obìnrin náà jókòó sórí àpótí, ó bọ́ bàtà náà. Kì í ṣe pé inú ń bí i tó bẹ́ẹ̀. Ojú ló ń tì í, ìyẹn sì burú jù. "Bàtà tí bàbá yín rán fún ìyá mi, wọ́n wọ̀ ọ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Kò ta wọ́n lẹ́sẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ fún àwọn ọ̀gá wa lọ́sibítù pé kí wọ́n má ra bàtà tí wọ́n ń kó wọlé nínú páálí, pé mo mọ ẹni tó máa rán an fún gbogbo wa. Ní báyìí, ojú mi ni wọ́n ń wò. Lọ́jọ́ Ẹtì ni wọ́n fẹ́ rí i lẹ́sẹ̀ mi. Tí ìkẹta bá tún rí bẹ́ẹ̀, Bàbá, ẹ má bínú sí mi."

"Kò ní rí bẹ́ẹ̀."

"Kí lẹ máa ṣe tí ẹ ò ṣe tẹ́lẹ̀?"

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Aránbàtà ò mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó mọ̀, ó sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Nígbà tó padà wọlé, ó fa bébà méjì tó fi gé àtẹ́lẹ̀ bàtà méjèèjì yọ lábẹ́ tábìlì. Ó tò wọ́n léra. Èkejì yọ sóde lára èkíní yí ká, bí etí ìdérí tí kò bá ìkòkò mu. Ó yí wọn padà, ó tún tò wọ́n. Kò sí ìyàtọ̀.

"Wáyà," ó ké sí ọ̀dọ́mọkùnrin oníná tó ń ṣe fáànù ní ṣọ́ọ̀bù kejì, "wá bá mi wo nǹkan. Ṣé ọ̀kan náà ni bébà méjì yìí?"

Wáyà yọ orí, síkúrúdíráfà wà létí rẹ̀ bíi pẹ́ńsù. "Ọ̀kan kẹ̀? Bàbá àtọmọ ni wọ́n, Ọ̀gá."

"Orí gíláàsì kan náà ni mo ti tọ̀ wọ́n."

"Orí Àjàò yẹn? Mo ti sọ fún yín, ẹ gbé e jù síta."

Àjàò ni Wáyà ń pe tábúlẹ́ẹ̀tì ńlá tó wà lórí tábìlì náà, torí kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Ó tóbi ju ohun tí èèyàn lè kì bọ àpò lọ, kò sì tó ohun tí èèyàn ń kàn mọ́ ògiri. Téèyàn bá gbé e lé itan, itan á kú. Téèyàn bá gbé e síta, oòrùn á sọ ọ́ di dígí, ojú ara ẹni lèèyàn á máa wò níbẹ̀. "Ẹni tó ṣe é gan-an ò mọ ohun tó ń ṣe," Wáyà máa ń wí. "Ó fẹ́ ṣe tẹlifíṣọ̀n, sùúrù ẹ̀ tán."

Ọmọ Aránbàtà obìnrin, tó ń ya àwòrán ilé kíkọ́ ní ìlú mìíràn, ló gbé e wá. Ọdún tó gbé e wá ni òjò já òrùlé ṣọ́ọ̀bù lálẹ́, tó sì rin gbogbo bébà tí bàbá Aránbàtà fi sílẹ̀ láyé. Bébà nípọn ni wọ́n, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ àtẹ́lẹ̀ bàtà kan, láti ti ọmọdé dé ti géńdé, wọ́n sì ti wà lórí ìṣó kan náà láti ìgbà tí Aránbàtà ti wà ní kékeré. Ibi gìgísẹ̀ bébà kọ̀ọ̀kan ni àmì àtàǹpàkò dúdú kan wà, ibi tí bàbá náà fi ìka tí políìṣì bà jẹ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gé e. Wọ́n ní òǹtẹ̀ àwọn nìyẹn. Ọmọbìnrin náà sá wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ya wọ́n sínú tábúlẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó jẹrà tán, ó sì fi rúlà wọ̀n wọ́n títí èyí tó wà nínú gíláàsì fi dọ́gba rẹ́gí pẹ̀lú èyí tó wà nílẹ̀.

"Dádì, bí mo ṣe fi í sílẹ̀ yìí, bó ṣe rí lórí bébà ló rí. Ẹ kàn gbé bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, kí ẹ fi pẹ́ńsù tọ̀ ọ́. Ẹ má fi ìka méjì fà á o."

"Tí mo bá fà á ńkọ́?"

"Á tóbi."

"Mi ò ní fà á."

Kò sì fà á rí. Ọmọ náà ní kó gé wọn sórí páálí kó lè ní wọn lọ́wọ́, ó kọ̀. Òjò ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n nípa páálí. Gíláàsì kì í jẹrà.

"Ọwọ́ kan náà," Aránbàtà tún wí fún Wáyà, "pẹ́ńsù kan náà, gíláàsì kan náà. Báwo ló ṣe wá jẹ́?"

Wáyà wo bébà, ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ọ̀gá, bóyá ó ti rẹ̀ yín ni," ó rọra wí. "Ẹ tètè máa lọ sílé lónìí."

Ó sàn fún Aránbàtà kí Wáyà fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ju kó káàánú òun lọ.

Torí ó mọ bí irú nǹkan yìí ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n ju bó ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n lọ. Lọ́dún tí bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé, bàtà òsì méjì ni wọ́n kọ́kọ́ rán fún oníbàárà kan. Oníbàárà náà rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n to bàtà méjèèjì sílẹ̀, wọ́n wò wọ́n, wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ tìrẹ ló yí." Awọ pupa ni. Idẹ kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Aránbàtà jókòó lórí àpótí tí olórí nọ́ọ̀sì ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí ẹ̀ yìí lọ́jọ́ náà, ó ń wo ọwọ́ bàbá rẹ̀, àwọn ọwọ́ náà ò sì gbọ̀n rárá.

Nírọ̀lẹ́, ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì sábẹ́ abíyá bí ẹni gbé pátákó, ó gba ilé lọ. Nílé, kò sẹ́ni tó ń pè é ní Àjàò. Kò tíì jókòó tí ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà, ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, tó gbé e ti fúláàsì lórí tábìlì láàárín ìwé àwọn ọmọ iléèwé tó ń máàkì. Màmá, ìyá Aránbàtà, ti fa àga wọn súnmọ́ ọn. Ojú wọn ti ṣú díẹ̀díẹ̀ láti ọdún mélòó kan, débi pé tí wọ́n bá ń wo fíìmù, imú wọn ló kù díẹ̀ kó kan gíláàsì.

"Ọkùnrin yìí ò tíì mọ̀ pé ìyàwó òun ló jí owó òun?" Màmá wí.

"Màmá, ìyẹn kọ́ nìyàwó ẹ̀. Àbúrò ẹ̀ ni."

"Àbúrò wo? Àbúrò kì í wo èèyàn báyìí."

Aránbàtà ṣẹ́jú sí ìyàwó rẹ̀, ó kọjá sí kíṣìnnì. Obìnrin náà tẹ̀ lé e, bírò pupa wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kí ló dé, Dádì? Ojú yín ò dáa."

"Tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi bàbá mi, ṣé wàá sọ fún mi?"

"Bíi ti bàbá yín báwo?"

Ó sọ fún un. Ó sọ ti bàtà tó fún, ó sọ ti bàtà tó ṣò, ó sọ ti bébà méjèèjì. Bó ṣe ń sọ ọ́, kò yé òun fúnra rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó fi ìdí bírò họ irun.

"Ọjọ́ wo la ṣègbéyàwó?"

"Ẹ̀rín kọ́ ni mò ń rín o."

"Ẹ dáhùn."

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òjò rọ̀. Okùn bàtà rẹ já lẹ́nu ọ̀nà, o ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, mo fi wáyà so ó."

"Ẹni tó rántí pé okùn bàtà mi já, kí ló wá ṣe é?"

"Bàbá mi náà rántí ọjọ́ ìgbéyàwó wọn dé ìkẹyìn. Bàtà ni wọ́n gbàgbé."

Obìnrin náà gbé bírò kalẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e lápá. "Tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn ni ò jẹ́ kí ọkàn yín balẹ̀," ó wí nígbẹ̀yìn. "Ṣọ́ọ̀bù ń fà á, ilé ń fà á. Fíìmù la fi ń wò o, iṣẹ́ lẹ fi ń ṣe o, mi ò mọ èwo ni tiẹ̀ gan-an. Bóyá ká kúkú tà á, kí ẹ padà sí bí ẹ ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀."

"Bí mo ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ti jẹrà."

"Ẹ má tà á o!" Ohùn Màmá ni, láti pálọ̀.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. "Màmá, ẹ gbọ́ wa láti ibẹ̀ yẹn?"

"Ojú ló ń ṣe mí. Kì í ṣe etí."

Nígbà tí fíìmù parí, Màmá ní kí wọ́n gbé tábúlẹ́ẹ̀tì náà tẹ̀ lé àwọn wọ yàrá, pé àwọn á wo nǹkan díẹ̀ sí i kí iná inú rẹ̀ tó tán. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa ń ṣe. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń wò.

Láàárọ̀, Aránbàtà ṣí ṣọ́ọ̀bù, kò kí Wáyà kó tó jókòó. Ó ṣí àwòrán nọ́ńbà olórí nọ́ọ̀sì, ó tẹ́ bébà lé gíláàsì, ó sé èémí. Ó fi pẹ́ńsù tọ̀ ọ́ yí ká, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ya ojú ọmọ tó ń sùn. Lẹ́yìn náà, ó gbé bébà tuntun náà lé méjì àná.

Kò bá èyíkéyìí mu. Àárín wọn ló wà.

Ó jókòó. Ẹnu ọ̀bẹ ń tàn nínú oòrùn. Ó ronú pé òun á ti ilẹ̀kùn, òun á sọ fún obìnrin yẹn pé ara òun ò yá, bóyá irọ́ kọ́. Ó ronú ẹni tí òun máa kó irinṣẹ́ fún, kò rí ẹnì kankan. Ó tún wo gíláàsì. Àtẹ́lẹ̀ bàtà náà dùbúlẹ̀ síbẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, àmì dúdú náà wà ní gìgísẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tó wà lọ́mọdé, bàbá rẹ̀ máa ń ní kó gbé àtàǹpàkò rẹ̀ lé àmì yẹn. "Ó kù díẹ̀," wọ́n á wí. Lọ́dọọdún, "Ó kù díẹ̀." Lọ́jọ́ tí àtàǹpàkò rẹ̀ bo àmì náà pátá, bàbá náà ní, "Ó ti pé," wọ́n sì fún un ní ọ̀bẹ tirẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìgbà tó gbé ìka lé e tí kò bò ó.

Ó nawọ́, ó gbé e lé e báyìí. Kì í ṣe pé ó ní ohun tó ń wá. Ẹni tó ń rì ò mọ ohun tó dì mú.

Àmì náà yọ sóde. Ó yọ yí ká àtàǹpàkò rẹ̀, bí ilẹ̀ ṣe ń yọ yí ká ẹní.

Ó gbé ìka kúrò, ó tún gbé e lé e. Ó yọ síbẹ̀. Aránbàtà wo ìka rẹ̀ níwá, ó wò ó lẹ́yìn. Àtàǹpàkò àgbàlagbà kì í sún kì mọ́jú. Ó fa fóònù yọ, ó pe ọmọ rẹ̀.

"Dádì, ẹ káàárọ̀. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ṣé gíláàsì yìí lè fa ara rẹ̀?"

"Kó fa ara rẹ̀ báwo? Rárá o. Àfi kí ẹnì kan fi ìka méjì fà á. Ta ló ń lò ó?"

"Kò sẹ́nì kankan. Fíìmù ni wọ́n ń wò."

"Fíìmù ò lè fọwọ́ kan àwòrán bàtà, Dádì."

Ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì, ó ní kí Wáyà máa bá òun wo ṣọ́ọ̀bù. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́, ó sì tún wúwo. Ìyàwó òun ni? Kí ló máa fi àtẹ́lẹ̀ bàtà ṣe? Àwọn ọmọ iléèwé tó máa ń wá gba ìwé ni?

Màmá nìkan ló wà nílé. "O ti gbé e dé?" Ojú wọn tàn. "Gbé e fún mi, kí n wo fíìmù mi."

Ó gbé e lé wọn lẹ́sẹ̀, ó kọjá sí ẹ̀yìnkùlé láti fọ gọ́ọ̀mù kúrò lọ́wọ́. Ó fọ̀ ọ́ tán, ó nù ún, ó dúró. Kò gbọ́ ohùn fíìmù kankan. Ó rìn wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá.

Màmá ti tẹrí ba lé gíláàsì náà. Ohun tó kún inú rẹ̀ dé etí kì í ṣe ojú oníṣeré. Ìlà dúdú ni, ìlà lórí ìlà, tó yí po bí ebè tí wọ́n kọ yí òkè ká. Ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ kan gé wọn já láàárín. Màmá tẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ lórí rẹ̀, bí ẹni tó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn ẹlòmíràn.

"Ṣé ìwọ nìyẹn?" wọ́n wí, wọn ò gbójú sókè.

"Èmi ni, Màmá."

"Mo máa ń dá a padà o. Bí mo ṣe bá a ni mo máa ń dá a padà." Wọ́n gbé ọwọ́ kúrò. "Fọ́tò bàbá ẹ tó wà lára ògiri yẹn, funfun ni mò ń rí. Ojú mi ti kọ̀ ọ́. Ọmọ ẹ ló kọ́ mi pé tí mo bá fà á, á tóbi. Mo fà á títí, mo rí ibi tí ọ̀bẹ ti gé wọn ní àtàǹpàkò. Ọdún tí mo lóyún ẹ ni. Èmi ni mo di ọgbẹ́ yẹn. Mo ti gbàgbé pé ó wà níbẹ̀."

Aránbàtà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ti tọ bébà yẹn láìmọye ìgbà, kò rí ìlà funfun náà rí.

"Màmá, mo rò pé orí mi ti ń dà rú ni. Mo rò pé ó ti dé."

"Kí ló dé?"

Nígbà tó ṣàlàyé fún wọn, wọ́n fa ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn kúrò lára gíláàsì bí ẹni tó fọwọ́ kan iná. "Ah! Èmi ni mo wá ń ba iṣẹ́ ẹ jẹ́? Èmi?"

"Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́. Ẹ bá mi dá a padà."

"Mi ò fọwọ́ kàn án mọ́."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n kó ìka méjì pọ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí gíláàsì. Ìlà náà sún mọ́ra, ó di àmì, àtẹ́lẹ̀ bàtà yọ yí i ká. Aránbàtà gbé àtàǹpàkò lé e.

"Ó tó?"

"Ó kù díẹ̀."

Wọ́n tún kó o pọ̀. "Báyìí ńkọ́?"

"Ó kù díẹ̀."

Wọ́n rọra sún un, bí ẹni ń yí bọ́tìnnì rédíò àtijọ́, títí dúdú kankan ò fi yọ mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka rẹ̀.

"Ó ti pé," ni Aránbàtà wí.

Orí ẹsẹ̀ wọn níbẹ̀ ló ti tọ gbogbo àtẹ́lẹ̀ bàtà náà, láti ti ọmọdé dé ti géńdé, ó ń fi àtàǹpàkò díwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó fi pẹ́ńsù kàn án. Ó gé wọn sórí páànù pẹlẹbẹ, ó kó wọn sórí ìṣó. Lọ́jọ́ Ẹtì, olórí nọ́ọ̀sì ti ẹsẹ̀ bọ bàtà kẹta nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó rìn padà, ó tún rìn lọ, ó ń fetí sílẹ̀.

"Kò sọ nǹkan kan," ó wí.

"Bàtà tó bá ẹsẹ̀ mu kì í sọ̀rọ̀."

Nígbà tó gba ọ̀nà ọsibítù lọ, tí kò bojú wẹ̀yìn, Wáyà wá fara ti òpó. "Ọ̀gá, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Àjàò yìí, ṣé ó wúlò fún iṣẹ́ àbí kò wúlò?"

Aránbàtà ronú sí i. Ohun náà ló gba bàtà bàbá òun là lọ́wọ́ òjò. Òun náà ló fẹ́ da orí òun rú. "Mi ò mọ̀," ó wí, kò sì mọ̀ lóòótọ́.

Nírọ̀lẹ́, fíìmù ń lọ lórí tábìlì, ṣùgbọ́n àga Màmá ti padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọwọ́ wọn wà lórí ẹsẹ̀, ọ̀kan nínú èkejì.

"Láti ọjọ́ yẹn ni wọn ò ti fọwọ́ kàn án," ìyàwó rẹ̀ sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Wọ́n ní fíìmù ò dùn mọ́."

Aránbàtà na ọwọ́ sí tábúlẹ́ẹ̀tì náà.

"Dádì! Ó kù díẹ̀ kí wọ́n mú àbúrò yẹn o!"

"Ìyàwó ẹ̀ ni," ó wí, ó sì pa fíìmù. Ìyàwó rẹ̀ rí ibi tó dojú kọ, ó sún àga rẹ̀ fún un.

Ó gbé ìrọ̀rí lé Màmá lẹ́sẹ̀, kí ìwúwo rẹ̀ má bàa dùn wọ́n, ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì lé ìrọ̀rí. Ó ṣí àtẹ́lẹ̀ bàtà.

"Kí lo fẹ́ kí n fi í ṣe?" Màmá wí. "Iṣẹ́ ẹ nìyẹn."

"Iṣẹ́ mi ti wà lórí páànù, Màmá. Èyí ò níṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ẹ fà á."

"Tí mo bá wá gbàgbé ibi tí mo bá a?"

"Ẹ gbàgbé ẹ̀."

Wọ́n fi etí ìró nu ọwọ́ wọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n tẹrí ba, wọ́n gbé ìka méjì lé gíláàsì náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn yàrá tí ẹnì kan lè máa sùn sí.